Ilẹ̀kùn Funfun lára Mọ́tò Aláwọ̀ Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Páálí bàtà ni bàbá náà gbé wọ àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó rọra sọ ọ́ sórí káńtà, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní:

"Wọ́n ti ba mọ́tò mi jẹ́. Mo mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ bá mi mú un."

Ọlọ́pàá tó jókòó sí káńtà na ọrùn wo ìta. "Mọ́tò ọ̀hún dà, Bàbá?"

"Inú páálí ló wà."

Ẹ̀rín sọ nínú àgọ́. Ọ̀kan ní ṣé mọ́tò náà ní ìwé. Òmíràn ní kí Bàbá ṣọ́ra kó má lọ páàkì rẹ̀ síwájú géètì ọ̀gá. Bàbá gbọ́wọ́ lé páálí rẹ̀, ó ń wá ojú ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀.

Obìnrin kan dìde láti ìdí tábìlì tó wà lẹ́yìn. Awòfín ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, torí kò sí nǹkan tó lè rí tí kò ní fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ọdún mẹ́ta ni aago ògiri àgọ́ fi dákẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ó tú u palẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún un tò, aago ọ̀hún sì ń lọ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Ó ṣí páálí náà. Mọ́tò kan wà nínú rẹ̀ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òrùlé rẹ̀ búlúù, ara rẹ̀ funfun tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ nínú. Ó ní wáìpà. Ó ní ibi tí wọ́n ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Kóòmù kékeré kan, tí kò tó èékánná, wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ lẹ fi ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi ṣe é?"

Awòfín rẹ́rìn-ín, ó fún un ní àga. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Páńẹ́bítà ni bàbá náà, ogójì ọdún ló fi na ara mọ́tò tó bá tẹ̀ wọnú. Bàbá Hámà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Àpá kan la àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kọjá, tààrà bí ìlà tí a fi rúlà fà: pátákó irin ló gé e nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń ṣe àwọn mọ́tò kékeré. Ó ń gé wọn, ó ń lẹ̀ wọ́n, ó ń kùn wọ́n, ohun tó bá sì gùn ní ìka mẹ́rìnlélógún lára mọ́tò gidi ni yóò gùn ní ìka kan lára tirẹ̀.

"Èyí, takisí ìyàwó mi ni," ó ní. "Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà á. Èmi tí mo ń na mọ́tò, mi ò mọ̀ ọ́n wà. Òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbé mi bọ̀. Ó ti di olóògbé báyìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ń ṣe àfihàn, mo sì fẹ́ gbé e débẹ̀." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn mọ́tò náà. "Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ara mọ́tò yìí. Òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí èrò bá ní, 'Ìyá onítakisí funfun,' á ní, 'Kì í ṣe funfun o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ẹ bó o kẹ́ ẹ wò.' Wàyí o, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ilẹ̀kùn rẹ̀."

Awòfín wo ilẹ̀kùn tí Bàbá nawọ́ sí. Ti ẹ̀gbẹ́ èrò ni. Àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó yí mọ́tò náà padà. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ló funfun báláú. Awòfín rò pé ẹni tí inú ń bí lè ṣì nawọ́.

"Gíláàsì iwájú ńkọ́?" Ó ti fín funfun, bí ìgbà tí èèyàn bá mí èémí sí dígí.

"Òun náà ni. Ìyàwó mi kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan gíláàsì iwájú. Àràárọ̀ ló ń fi aṣọ nu àtàǹpàkò mi kúrò lára ẹ̀, á sì máa bú mi títí a ó fi dé ṣọ́ọ̀bù."

"Ta lẹ fura sí?"

Bàbá Hámà fa páálí náà mọ́ra. "Lẹ́tà."

Lẹ́tà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ ẹrù nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò kékeré sílẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá Hámà lọ́wọ́, bí ìgbà tó jẹ́ ilé tirẹ̀.

"Ọmọ mi ká a mọ́ yàrá iṣẹ́ mi lọ́sàn-án àná. Mo ti lọ gẹrun. Ó di mọ́tò yìí mú, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ẹni tó bá ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Mo ti kọ ìwé tí a máa fi lé e. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni wọ́n máa kà á. Tó bá jẹ́ òun ni, kó máa lọ. Tí kì í bá wá ṣe òun..."

Ó yé Awòfín nígbà náà. Bàbá yìí kò wá kí wọ́n lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá kí ẹnì kan lè sọ fún un pé irọ́ ni.

*

Aránṣọ ni ọmọ Bàbá Hámà. Pálọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, téèpù sì kọ́ sí i lọ́rùn bó ṣe mú Awòfín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

"Ẹ bá mi rọra bi Bàbá mi léèrè, ẹ jọ̀ọ́," ó rọra sọ. "Wọn ò jẹun àárọ̀. Wọ́n á ní inú ń bí àwọn, ṣùgbọ́n ẹkún ni wọ́n ń sun."

Mọ́tò kékeré mọ́kànlélọ́gọ́ta ló tò sára ògiri yàrá iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọkọ̀ panápaná wà níbẹ̀, ọkọ̀ ẹrù kan wà tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kéré débi pé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ni Awòfín fi kà á. Lẹ́tà ló kọ ọ́, Awòfín kò ní láti béèrè. Bàbá Hámà tan iná tábìlì. Ó mọ́lẹ̀ débi pé Awòfín fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ ń ṣe níbí ni?"

"Gílóòbù òde òní kò mọ́lẹ̀ mọ́. Ìkẹta tí mo pààrọ̀ lọ́dún yìí rèé."

Awòfín fi èékánná kan etí ilẹ̀kùn awakọ̀, èyí tó funfun. Ó le koko. Ó fi kan etí ilẹ̀kùn èrò, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó rọ̀, èékánná sì fi ojú kékeré sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ mélòó ni ọ̀dà yìí fi ń gbẹ?"

"Ọ̀dà olóróró ni. Ó ń gbà tó ọjọ́ méjì kó tó le."

"Ìgbà wo lẹ kun ilẹ̀kùn yìí?"

"Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀kùn méjèèjì ló kù. Mo kùn wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ gíláàsì iwájú, mo dé ọmọrí oníke bò ó kí eruku má bàa bà lé e. Ó ti parí nìyẹn."

Nígbà tí Bàbá lọ mu omi ní pálọ̀, Awòfín dojú kọ tábìlì. Ìgò ọ̀dà kéékèèké mẹ́sàn-án wà lórí ìlà, wọ́n tò láti kékeré dé ńlá bí ọmọléèwé. Ó gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, pákó tábìlì ní òrùka ọ̀dà gbígbẹ, àmì ìdí ìgò tó ti jókòó sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òrùka àkọ́kọ́ pupa, ìgò tó wà lórí rẹ̀ dúdú. Òrùka kejì búlúù, ìgò tó wà lórí rẹ̀ pupa. Òrùka kẹta àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìgò tó wà lórí rẹ̀ funfun.

"Ta ló to ìgò wọ̀nyí?" ó bi ọmọ Bàbá.

"Èmi ni o, lọ́jọ́ Àìkú. Eruku ti bo ibẹ̀. Mo nu gbogbo ẹ̀, mo tò wọ́n dáadáa, mo kó gọ́ọ̀mù méjèèjì, ti funfun àti súpágúlù, sínú ife kan. Mo ń retí pé kí wọ́n ní 'o ṣeun.' Wọn ò tilẹ̀ kíyè sí i!"

Awòfín kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé awò lé ojú, tó wo inú gíláàsì tó fín náà. Àwọn ìlà tín-ín-rín funfun yí po ara wọn nínú rẹ̀. Àmì ìka èèyàn ni. Ó wò ó pẹ́, ó sì mí kanlẹ̀.

*

"Ẹ yanu dáadáa," ni alága ẹgbẹ́ ń sọ nígbà tí Awòfín wọlé. Kì í ṣe òun ló ń bá wí. Dókítà eléyín ni alága, ọkùnrin kan sì nà gbalaja sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú òwú ní ẹnu.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, Dókítà. Ẹ̀yin lẹ ṣe ipò kejì lọ́dún tó kọjá."

"Àti ọdún tó ṣáájú ẹ̀, àti èyí tó ṣáájú ìyẹn. Bàbá Hámà ló ń ṣe ipò kìíní. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èmi ni mo ba mọ́tò ẹ̀ jẹ́ ni?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo lọ kọ orúkọ àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ níbi àfihàn. Ilẹ̀kùn ẹ̀ funfun."

"Èwo nínú wọn?"

"Méjèèjì. Funfun báláú. Gíláàsì iwájú sì ti fín."

Awòfín gbójú sókè. "Méjèèjì? Ó dá yín lójú?"

"Eyín ni mo ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀gá. Ṣé funfun ni mi ò ní mọ̀?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún Bàbá?"

Dókítà wo irin ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé ọ̀dà abẹ́ ni, èyí tí à ń kọ́kọ́ kùn kí àwọ̀ gidi tó dé. Mo ní nínú ara mi pé, 'Kò lè parí kó tó di Àbámẹ́ta.' Inú mi sì dùn. Díẹ̀ o. Kì í ṣe púpọ̀."

"Ọ̀n-ọ̀n-ọ̀n," ni ọkùnrin orí àga sọ.

"Ẹ̀yin, ẹ má dá sí i. Ẹnu yín kò tíì ṣófo." Dókítà yíjú sí Awòfín. "Ohun tó kàn yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá ń fọ́nnu pé òun ti parí pátápátá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni."

"Kí ló ń mú gíláàsì fín bẹ́ẹ̀?"

"Súpágúlù. Èéfín ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fi lẹ gíláàsì oníke, tẹ́ ẹ wá dé nǹkan bò ó, èéfín yẹn á bà lé gbogbo ara ẹ̀. Ọmọ kékeré nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn ọmọléèwé ń lò ni gbogbo wa ń lò fún gíláàsì. Bàbá Hámà gan-an ló kọ́ mi."

Awòfín mọ èéfín yẹn. Òun gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ń lò nínú yàrá àyẹ̀wò láti wá àmì ìka olè: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí òógùn ọwọ́ bá wà, á sì yọ ọ́ síta ní funfun. Ẹni tó ba gíláàsì náà jẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

*

Pátákó onígbàjámọ̀ kan ni Lẹ́tà ń kọ nígbà tí Awòfín bá a lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ti kọ "gẹrun" tán, ó ń kọ "dáadáa."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni," ó ní, kó tó gbọ́ ìbéèrè kankan.

"Ẹ ò ní kí n kọ́kọ́ jókòó ná, Bàbá?"

Ó fún un ní àpótí, kò sì wojú rẹ̀. "Mo jowú ẹ̀. Òun ló ń gba ipò kìíní. Ó parí."

"Ìgbà wo lẹ kun ilẹ̀kùn náà?"

"Àná. Ọ̀sán. Ọmọ ẹ̀ rí mi."

"Ilẹ̀kùn mélòó?"

"Ọ̀kan. Àbí ẹ ò rí i ni?"

Awòfín ṣí ìwé rẹ̀. "Mo rí i. Ilẹ̀kùn funfun tẹ́ ẹ kùn lánàá ti le bí òkúta. Ilẹ̀kùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kàn kò tíì gbẹ. Ọ̀dà yín ń gbẹ lódì, Bàbá."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lójú kan lára pátákó.

"Dókítà eléyín sì rí ilẹ̀kùn méjèèjì ní funfun lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fi di àná, ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó funfun. Ẹ ò ba mọ́tò yẹn jẹ́. Ẹ ń tún un ṣe ni. Ẹ ti parí ilẹ̀kùn kan, ọmọ yẹn sì wọlé kẹ́ ẹ tó mú ìkejì. Ẹ jẹ́ kí n rí inú báàgì yín."

Ó pẹ́ kí Lẹ́tà tó fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣíbí oníke mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi okùn rọ́bà dì wọ́n pọ̀. Awòfín ti rí irú wọn ní yàrá Bàbá Hámà. Ẹ̀yìn ṣíbí ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, láti mọ̀ bóyá àwọ̀ tí wọ́n pò bá ti ara mọ́tò mu. Lára ìdìmú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Lẹ́tà fi ọwọ́ rẹ̀ tó lẹ́wà kọ ọjọ́ àti ibi tó lò ó sí: bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn panápaná, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹrù. Èyí tó kẹ́yìn ní "ọ̀gẹ̀dẹ̀," pẹ̀lú ọjọ́ àná.

"Ó ti tó ìgbà wo?" Awòfín béèrè.

"Ọdún kan lé oṣù méjì." Lẹ́tà nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tún un nù. "Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi."

"Wọ́n á lé yín kúrò nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀."

"Kí wọ́n lé mi. Èmi ṣì lè kọ pátákó. Kí lòun máa ṣe?"

Ìyá rẹ̀ ni Awòfín ń rò. Lọ́dún kan, ìyá rẹ̀ fi òwú dúdú gán aṣọ búlúù fún un, ó sì ń bá a jiyàn pé òwú náà búlúù. Òun náà pariwo mọ́ ọn. Ó ní àìbìkítà ni. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ó tó ronú mú ìyá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, gbogbo oṣù mẹ́jọ ọ̀hún ni ìyá rẹ̀ sì fi ń tọrọ àforíjì lórí nǹkan tí kò mọ̀.

"Ẹ múra sílẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ní aago mẹ́rin ọ̀la, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Hámà."

*

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìwé tí wọ́n fẹ́ fi lé Lẹ́tà wà lórí tábìlì iṣẹ́, nínú ápòòwé. Bàbá Hámà rí ẹni tó tẹ̀ lé Awòfín wọlé, ó yíjú sí ògiri.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, mo ní kẹ́ ẹ mú un, mi ò ní kẹ́ ẹ mú un wá kí mi."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá. Tí ọ̀rọ̀ mi ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, èmi fúnra mi ni màá ru ìwé yẹn lọ fún wọn."

Ó ti ní kí ọmọ Bàbá máa bá iṣẹ́ lọ ní pálọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Awòfín jókòó, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó kun mọ́tò yìí ní funfun kò wo ìgò tó mú. Ó nawọ́ síbi kẹta, torí pé ibi kẹta ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti máa ń wà láti ọdún pípẹ́. Kò mọ̀ pé wọ́n ti tún ìgò tò lọ́jọ́ Àìkú. Gọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ó nawọ́ sí gọ́ọ̀mù funfun, súpágúlù ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Àlejò kò lè ṣe é, torí àlejò kò mọ ibi kẹta. Dókítà kò lè ṣe é, Lẹ́tà kò lè ṣe é, torí pé wọ́n á wo ìgò. Ẹni tó mọ tábìlì yìí lórí, tí kì í sì í wò ó mọ́, òun nìkan ló kù."

"Ta nìyẹn?" Bàbá Hámà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Awòfín mú ṣíbí oníke méjì nínú báàgì tirẹ̀, ó tẹ́ wọn sábẹ́ iná tó ń fọ́jú náà. Ọ̀kan funfun. Ọ̀kan ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi mú ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Irú àwàdà wo lèyí?"

"Ẹ má bínú. Ẹ bá mi mú un."

Bàbá Hámà tẹ orí sílẹ̀. Ó gbé ṣíbí kan sún mọ́ iná, ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé èkejì. Ó tún gbé ti àkọ́kọ́. Lẹ́tà wo ilẹ̀. Níkẹyìn, Bàbá na ṣíbí kan sí Awòfín bí ẹni tí kò níyèméjì.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rèé."

Kò sẹ́ni tó gbà á. Ó tó ìgbà díẹ̀ tí ọwọ́ Bàbá fi wà nínú afẹ́fẹ́. Ó wá rọra mú un bọ̀ wálẹ̀.

"Funfun ni, àbí?"

"Funfun ni, sà."

Bàbá jókòó. Ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sójú nígbà tí Awòfín sọ fún un ohun tó rí nínú gíláàsì: àmì ìka, pẹ̀lú ìlà kan tó là á kọjá tààrà. Ó fi ìka òsì tọ àpá náà, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí," ó ní. "Ó dà bí ìgbà tí kùrukùru bá wà nínú yàrá. Mo ní gílóòbù ni. Ọmọ mi ní ilẹ̀kùn ti funfun, mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́. Èmi ò rí i." Ó fi orí júwe pálọ̀. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀. Á kó ọ̀bẹ mi lọ. Á ti yàrá yìí."

"Nǹkan kan tó dà bí ìkùukùu ló ń bo ẹyinjú yín, bí mo bá gbọ́ ọ dáadáa. Dókítà ojú ló máa sọ, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ó ṣe ìyá mi rí. Wọ́n yọ ọ́. Ó ṣì ń rán aṣọ dòní, ó sì ń sọ fún mi pé ilé mi dọ̀tí."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́ ní pálọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dákẹ́.

Bàbá Hámà yíjú sí Lẹ́tà. "Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mélòó lo ti tún ṣe?"

"Mi ò kà á."

"Irọ́! Ìwọ tó ń kọ ọjọ́ sára ṣíbí bí ẹni ń kọ ìwé ìtàn."

Lẹ́tà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá." Bàbá gbójú sí ògiri, sí àwọn mọ́tò tó tò lọ rẹrẹ. "Ipò kìíní ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan."

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan! Kí ló kù lára bọ́ọ̀sì pupa yẹn tí kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

"Ọgọ́fà nǹkan," ni Lẹ́tà wí, inú sì ti ń bí òun náà. "Sítẹ́rìn ẹ̀ tó ń yí. Àga ẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó o fi abẹ́rẹ́ rán. Ta ló lè ṣe ìyẹn? Èmi? Èmi tí mo máa ń lẹ táyà lódì! Àwọ̀ nìkan ni mo tún ṣe. Ọwọ́ rẹ ò ṣàárẹ̀, ojú rẹ ló ṣàárẹ̀. O fẹ́ kí n jókòó lójú àwọn èèyàn kí n máa gbọ́ kí dókítà eléyín máa sọ pé Hámà ti gbàgbé iṣẹ́?"

"Ó yẹ kó o sọ fún mi."

"Ó yẹ. Ojo ni mí."

"O fẹ́ jẹ́ kí wọ́n lé ọ."

"Ìyẹn rọrùn ju sísọ ọ́ lọ."

Bàbá Hámà gbé ápòòwé náà. Ó fọwọ́ wá etí rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, ó tún fa méjèèjì ya. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn, omi lójú.

"Bàbá, èmi ni mo to ìgò yẹn."

"Ìwọ ni, o sì ṣeun," ni Bàbá Hámà dáhùn. "Bó ò bá tò ó, ǹ bá ṣì máa ra gílóòbù. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ ti yàrá yìí o."

"Ta ló fẹ́ tì í? Ilé ìwòsàn la ń lọ lọ́jọ́ Ajé."

"Lẹ́yìn àfihàn."

"Ọjọ́ Ajé kúkú ni mo wí."

Lẹ́tà ti ń kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣí ìgò ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, Bàbá sì na ọwọ́ síwájú.

"Gbé e fún mi. Ìwọ ṣáà máa sọ ibi tí mo bá dé."

Báyìí ni wọ́n ṣe kun ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọwọ́ tó ní àpá ń lọ díẹ̀díẹ̀, ohùn ẹnì kejì sì ń tẹ̀ lé e: "Lọ síwájú. Díẹ̀ sí i. Dúró, ibi ìdìmú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ti wà níbẹ̀. Ó dáa." Awòfín dúró sẹ́yìn wọn. Ó fẹ́ràn bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì rí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ìwé rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tó bà á jẹ́, a rí i. Ẹni tó ń tún un ṣe, a rí òun náà. Kò sí ẹjọ́."

Nígbà tí ilẹ̀kùn parí, Lẹ́tà mú ọ̀bẹ tín-ín-rín. "Ó ku gíláàsì. Jẹ́ kí n yọ ọ́. Màá gé tuntun kó tó di Àbámẹ́ta."

"Kí lẹ ní ó wà lára ẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá?"

"Àtàǹpàkò yín, sà. Ó hàn ketekete."

Èjìká Bàbá Hámà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọ rẹ̀ sáré sún mọ́ ọn, ó rò pé ẹkún ni, ẹkún sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rín ló pọ̀ jù.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyàwó mi fi nu ún," ó ní. "Fi sílẹ̀."

"Wọ́n á yọ máàkì o."

"Kí wọ́n yọ ọ́." Ó gbé mọ́tò náà sínú páálí bàtà, ó fọwọ́ wá ibi tí gíláàsì iwájú wà, kò sì fọwọ́ kàn án. "Ká ní ó rí i ni, á ti bú mi dáadáa."